Ẹni Tó Ń Bá Mi Du Ilé Àlàájà

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Bàbá onílé dé o. Láti oṣù kìíní, mílíọ̀nù kan lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, fún yàrá kan àti pálọ̀ tí mò ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fún. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lé mi, ẹni tó bá lágbára ẹ̀ ni kó máa gbé e. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tún yíjú padà: "Waliyat, ọkọ ńkọ́? Tó o bá ní ọkọ, ṣebí òun ló máa máa san án."

Tí mo bá fèsì lónìí, ẹrù mi á wà níta lọ́la. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń san owó ilé ní Bajulaiye, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pẹ́, ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú ni. Ibi tí mo lọ wò lọ́dún tó kọjá, ìyá onílé ò tiẹ̀ jẹ́ kí n wọlé, ó ní òun kì í gbé ilé fún obìnrin tó dá wà.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò háyà ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Màá ra tèmi, bó jẹ́ ihò eku ni.

Ọjọ́rú, 8

Éjẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Múrítàlá mú mi lọ wo ilé mẹ́ta. Àkọ́kọ́ wà lẹ́bàá ọ̀sà, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi kí n tó dé pálọ̀. Ó ní òjò ló fà á. Òjò wo? Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí òjò ò rọ̀. Ìkejì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó ní, "Ẹ má wo ìyẹn, màdáàmù, ìjà ẹbí ni." Mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi wolẹ̀.

Ìkẹta wà ní Abúlé Òkúta. Ilé ẹ̀yìn ni, yàrá méjì, pálọ̀, kíṣìnnì tó ní fèrèsé, ilẹ̀kùn tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ omi tiẹ̀ lọ́tọ̀. Opó ni ìyá tó ni ín, Àlàájà Rọ̀kíbátù, wọ́n fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Abẹ́òkúta. Ìwé ẹ̀ pé. Mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Mo dúró ní kíṣìnnì, mo rí i pé mo ti ń gbé sítóòfù mi kalẹ̀ lọ́kàn. Mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ni mo ní, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kó o jọ, pẹ̀lú gbogbo ẹran tí mi ò jẹ. Tí owó kàlẹ́ńdà tí mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi bá wọlé lọ́dún yìí, ó parí.

Ẹtì, 10

Mo pe màámi ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ kígbe ayọ̀, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn fèrèsé. "Wálì, ta lo ti sọ fún?" Mo ní kò sí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mùíz gan-an, má sọ fún un. Àbúrò rẹ ni, kò burú, ṣùgbọ́n ó níyàwó, ìyàwó ẹ̀ lẹ́bí, ẹbí lọ́rẹ̀ẹ́. Ṣó o ti gbàgbé ilé bàbá yín àgbà ni?"

Ta ló máa gbàgbé? Bàbá àgbà Àbdùlláhì pariwo ilé wọn dé mọ́sálásí, ilé náà ò kọjá ojú fèrèsé títí di òní, ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀.

Mo fẹ́ dárúkọ àdúgbò, wọ́n ní rárá, kí n má sọ fún àwọn náà, kí ọ̀rọ̀ má lọ yọ lẹ́nu àwọn níbi tí àwọn obìnrin pé jọ sí. Ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ni wọ́n máa gbà fún mi títí màá fi gba kọ́kọ́rọ́.

Àìkú, 12

Mo lọ kí Mùíz àti Moyọ̀sọ́lá ìyàwó ẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé ní Bariga. Oyún náà ti yọ dáadáa. Ibùsùn, fíríìjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́yìn ìyẹn èèyàn á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ sí? Mi ò béèrè.

Mùíz wà lára àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní ọsibítù Igbóbì. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ó sìn mí dé títì, ó wá ń fọwọ́ ra orí. "Sista mi, ṣé ẹ lè yá mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta?" Mo ní fún kí ni. Ó ní nǹkan kan ni, òun máa ṣàlàyé tó bá yá.

Mo parọ́ fún un. Mo ní iṣẹ́ ò lọ, ẹ̀rọ bàjẹ́, àwọn oníbàárà ò tíì sanwó. Ó ní kò burú, ó tún bá mi dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Inú mi ò dùn rárá.

Ọjọ́rú, 22

Iṣẹ́ ti dé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n ní ojú pásítọ̀ àwọn dúdú jù, kí n tan iná sí i. Mo tan iná sí i. Wọ́n ní ó ti wá pupa jù. Bébà tún ti gbówó lérí, àwọn tó ń tà á ní dọ́là ni.

Múrítàlá pè mí nírọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ti lọ wo ilé Àlàájà, ó sì ti ní òun máa san mílíọ̀nù méjìdínlógún. Mo ní ta ni? "Màdáàmù, mi ò lè sọ. Ṣé ẹ máa fẹ́ kí n dárúkọ tiyín fún òun náà?" Mo ní ṣé olúwaarẹ̀ ò rí ilé mìíràn ní gbogbo Èkó ni, àfi èyí tí mo ti gbé sítóòfù sí? Ó ní sítóòfù wo? Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, méjìdínlógún àbọ̀.

Ẹtì, 31

Ó ti dé mọ́kàndínlógún àbọ̀. Ta ni ẹni yìí gan-an? Ọmọ ta ni? Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò ṣẹ̀ ẹ́, ó wá gùn mí lórí kalẹ̀. Mo pe màámi. Wọ́n ní kí n má mikàn, àwọn ti ń bẹ Ọlọ́run kó dí ọ̀nà mọ́ ọn. "Owó tó fẹ́ fi bá ọ du ú, kò ní tó o láéláé." Mo ṣe àmín tí àwọn ará ilé kejì gbọ́.

Mo ní kí Múrítàlá kọ ogún.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo fo Múrítàlá, mo lọ bá Àlàájà fúnra mi. Wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ní ta ló máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórúkọ mi? Mo ní èmi náà ni mo wá yìí, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnì kejì yẹn, ọmọ dáadáa ni, gbalaja ló máa ń dọ̀bálẹ̀, ó sì ti mú ìyàwó ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ò mọ ẹni tí àwọn ì bá mú nínú àwa méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn fi jẹ́ kí owó máa sọ̀rọ̀.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. "Àlàájà, ẹ ṣọ́ra o. Ọmọkùnrin ìwòyí tó ń fi owó lé owó báyìí, níbo ló ti rí i? Ọmọ Yàhúù ló pọ̀ nínú wọn. Ọlọ́pàá lè wá ti ilé náà pa lọ́la, wọ́n á sì wá yín dé Abẹ́òkúta."

Ojú wọn yí padà. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín mi tán. Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa délé, ẹ̀rín yẹn ti lọ, mi ò sì lè jókòó sójú kan. Ṣé mo purọ́ mọ́ ọn ni? Mo ní "ló pọ̀ nínú wọn." Mi ò ní òun ni.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mùíz ò gbé fóònù mi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ṣé torí owó tó fẹ́ yá yẹn ló ṣe ń bínú sí mi? Ó yẹ kí n ti fún un.

Ìṣẹ́gun, 18

Ẹni yẹn ti dé ogún àbọ̀, ni mo bá ta ẹ̀rọ tí mo fi ń gé ìwé. Sabina tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló rà á. A ò sún un ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ní ọ̀sán, mo gbé kàlẹ́ńdà pásítọ̀ lọ síbẹ̀, ó bá mi gé e lórí ẹ̀rọ mi, mo sì sanwó fún un. Sabina ní, "Wálì, ta ló ń ta ẹ̀rọ nígbà kàlẹ́ńdà? Ṣé Kánádà lò ń lọ ni?" Mo ní nǹkan kan ni, ó máa gbọ́ tó bá yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn mi.

Mọ́kànlélógún. Mo ní kí Múrítàlá sọ fún ẹni yẹn pé kó lọ sùn.

Ajé, 24

Mọ́kànlélógún àbọ̀. Orí ẹ̀ ò pé!

Ọjọ́rú, 26

Méjìlélógún. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún bébà oṣù kìíní ti bá a lọ. Tó bá tún kọjá èyí, kò sí ohun tó kù tí mo lè tà àfi àga. Mi ò jẹun dáadáa, mò ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà.

Àlàájà ránṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn, kí àwa méjèèjì wá lọ́jọ́ Sátidé láago mẹ́wàá, kí àwọn rí ojú wa pọ̀, kó tán síbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 29

Mo múra ìjà lọ. Láti Bajulaiye dé Abúlé Òkúta ni mo ti ń ro gbogbo ohun tí màá sọ fún olúwaarẹ̀, ẹnu mi ń lọ fúnra ẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ ń wò mí nínú dígí.

Mo ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè. Mùíz ló jókòó sórí àga, Moyọ̀sọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé nǹkan ti ṣe màámi, wọ́n ń wá mi ni. Mùíz dìde. "Sista mi, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Múrítàlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájà wò mí, ó wo Mùíz, ó wá ń wo ilẹ̀. Àlàájà ní, "Ẹ mọ ara yín ni?" Moyọ̀sọ́lá ló fi ohùn kékeré sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, mà. Ìyá kan náà."

Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n ẹ ló wá sọ fún mi pé ọmọ Yàhúù ni ẹ́!"

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ojú Mùíz sílẹ̀. Ì bá tiẹ̀ bínú. Mo ní, "Mùíz, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni. Wàláhì, mi ò mọ̀." Ó ní, "Tó bá wá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́, sista mi?"

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa rojọ́ níwájú àlejò. Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ò sọ? Màámi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Màámi ní kí èmi náà má sọ. Owó tó fẹ́ yá lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá, ilé yìí ló fẹ́ fi kún. Èyí tí mo fi pamọ́ fún un, ilé yìí náà ni mo tìtorí ẹ̀ fi í pamọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ẹ̀ ló yá a ní ìdajì gbogbo ẹ̀. Ilé tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún, àwa ọmọ ìyá méjì la fọwọ́ ara wa tì í dé méjìlélógún.

Mo bẹ Àlàájà kí wọ́n dá a padà sí iye àkọ́kọ́, ṣebí kò sẹ́ni tó ń du ú mọ́. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni mo gbé e débẹ̀." Nígbà tó yá, wọ́n yọ mílíọ̀nù kan, wọ́n ní torí pé ọ̀rọ̀ náà pa àwọn lẹ́rìn-ín ni. Múrítàlá ò rẹ́rìn-ín, owó tiẹ̀ ti dín kù.

Mo béèrè bóyá a lè jọ rà á. Moyọ̀sọ́lá wo Mùíz, Mùíz wo ilẹ̀. Yàrá méjì, tọkọtaya, ọmọ tuntun, àti ẹ̀gbọ́n ọkọ tó pe ọkọ ní ọmọ Yàhúù.

Àlàájà ní, "Ọmọ ìyá ni yín, mi ò ní dá sí i. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n, kí lo wí?" Mùíz dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. "Sista mi, ẹ̀yin lẹ ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ mú un."

Gbogbo wọn ń dúró kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ òwe ẹ̀ náà: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Mo wo ikùn Moyọ̀sọ́lá. Mo tún rántí bàbá onílé lẹ́nu ọ̀nà mi, ọkọ ńkọ́, ọkọ ńkọ́. Mùíz á rí ilé háyà níbi tó bá wù ú, torí ó níyàwó, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ńkọ́? Mo ti ta ẹ̀rọ mi.

Mo ní, "Màá mú un."

Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Mùíz dìde, ó gbọn eruku orúnkún ẹ̀, ó ní ó dáa. Moyọ̀sọ́lá ní kí Àlàájà jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Àìkú, 30

Mo pe màámi. Mo ti pinnu láti pariwo mọ́ wọn. Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ Yàhúù. Wọ́n ní kí n dúró ná, kí àwọn wá ibi jókòó.

"Wálì, o ní ẹnì kan ń bá ọ du ilé. Mùíz náà ní ẹnì kan ń bá òun du ilé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ààwẹ̀ Mọ́ńdè, ìwọ ni mo ń gbà á fún, kí Ọlọ́run lé ẹni náà lọ. Ààwẹ̀ Tọ́sìdeè, Mùíz ni. Mo tún ń fi omijé sí i."

Wọ́n bú sẹ́kún. Mo ní ẹ má sunkún mọ́, mà, àdúrà yín gbà.

Wọ́n ní, "Èwo ló gbà níbẹ̀?"

Wọn ò sọ pé kí n fi ilé náà sílẹ̀ fún un. Mo dúró kí wọ́n sọ ọ́, kí n lè rí ẹni bá jà. Wọ́n kàn ní kí n kí i, kí n sì jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Mo sanwó. Lọ́yà ní kí n wá ẹlẹ́rìí. Mo ń ro bóyá kí n pe Sabina, Mùíz ti wọlé láti Igbóbì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, nǹkan funfun tí wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Màámi ló sọ fún un. Ó kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ tèmi, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbé e pẹ́. Mo tún tọrọ àforíjì. Ó ní ó ti tán. Kò tíì tán, mo mọ àbúrò mi.

Ìṣẹ́gun, 9

Mo sọ fún bàbá onílé pé mò ń kó lọ. Wọ́n ní háà, ṣé mo ti rí ọkọ ni? Mo ní rárá, sà, ilé ni mo rí.

Àbámẹ́ta, 13

Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là. Mùíz bá mi wá ọkọ̀ tó kẹ́rù, òun náà ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Mi ò retí Moyọ̀sọ́lá, ṣùgbọ́n ó wá, pẹ̀lú oyún oṣù kẹjọ. Mo ní kó wá ibi jókòó, ó ní òun ò wá jókòó.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo tì í, mo fà á, òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Mùíz gbé fíríìjì dání, ó ń wò mí. Moyọ̀sọ́lá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi èjìká gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ó yí i, ó ṣí.

Òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó lọ tààrà sí yàrá kékeré, ó ṣí fèrèsé ibẹ̀, ó dúró. Mo bá a níbẹ̀. Ó ní, "Àárọ̀ nìkan ni oòrùn máa ń wọ ibí. Kì í gbóná lọ́sàn-án." Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mi ò mọ̀ pé mo ń sunkún títí ó fi fún mi ní etí ìborùn ẹ̀ kí n fi nu ojú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó mú un dání, màá gé òmíràn, kí wọ́n máa wá nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Ó ní, "Rárá, mà. Ẹ ṣeun." Mùíz ti ṣíwájú.

Aago mẹ́ta lù. Mo fẹ́ jáde lọ ra omi mímu, ilẹ̀kùn ò ṣí láti inú. Mo ti fi èjìká gbé e bó ṣe gbé e, kò gbọ́. Nọ́ńbà Moyọ̀sọ́lá ló wà lójú fóònù mi yìí, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń wò ó.